Hẹ̀mógílóbìn D Ìbàdàn: Ẹ̀jẹ̀ Ìlú Àtijọ́ Nínú Ìtàn Àwòṣe Purotéènì

Hẹ̀mógílóbìn D Ìbàdàn jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà purotéènì tó ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara ènìyàn. Inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn ni wọ́n ti rí i, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature sì gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1965. Ohun tó fi yàtọ̀ sí hẹ̀mógílóbìn tó wọ́pọ̀ kò ju ámínò ásíìdì kan ṣoṣo lọ, nínú 146 tó so kọ́ra wọn di okùn bẹ́tà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kékeré náà di ẹ̀rí ńlá lọ́wọ́ àwọn tó ń fi X-ray àti kọ̀ǹpútà wá bí purotéènì ṣe rí. Ó tọ́ka sí ibi tí hẹ̀mógílóbìn àwọn aláìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ti ń lẹ̀ mọ́ ara wọn, ní ọdún mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó rí ibẹ̀ nínú kírísítálì. Láti ìgbà náà, ó wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá àwòṣe tí kọ̀ǹpútà tún ṣe bá òtítọ́ mu.

Ìlú àti àìsàn

Nígbà ìkànìyàn ọdún 1952, ènìyàn tó lé ní 459,000 ni wọ́n kà ní Ìbàdàn. Àwọn àdúgbò àtijọ́ tó yí Òkè Mápó ká ni èrò pọ̀ sí jù: Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Bẹyẹrunka, Ọjẹ́ àti àwọn mìíràn, níbi tí agbo ilé ti fẹ̀yìn ti agbo ilé, tí òrùlé páànù dídípẹtà sì tẹ́ lọ bẹẹrẹbẹ. Ọmọ agbo ilé kan ń fẹ́ ọmọ agbo ilé kejì, ẹ̀jẹ̀ ń pàdé ẹ̀jẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè fojú mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni hẹ̀mógílóbìn S. Bí ènìyàn mẹ́rin bá jókòó ní Ìbàdàn, nǹkan bí ẹnì kan nínú wọn ló ní jẹ́nótáìpù AS, ìyẹn S láti ọ̀dọ̀ òbí kan àti A, hẹ̀mógílóbìn tó wọ́pọ̀, láti ọ̀dọ̀ òbí kejì. Ibà ló fà á. A. C. Allison ṣàlàyé ní 1954 pé ibà kì í rí ọmọ AS pa bó ṣe ń pa ọmọ AA, ìdí nìyẹn tí S fi gbilẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ tí ibà ti ń jà. Hẹ̀mógílóbìn C náà wà nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó S. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ewu kan nínú mẹ́rin ni pé yóò jẹ́ SS, àìsàn tí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ti ń tẹ̀ bí dòjé.

Àwọn àgbà agbo ilé ti mọ àìsàn yìí kí oníṣègùn òyìnbó tó dé. Wọ́n mọ ọmọ tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú kó tó rìn, tí ẹyinjú rẹ̀ ń pọ́n rúsúrúsú, tí egungun ń ro bí òjò bá pa á tàbí bí ọyẹ́ bá dé. Wọ́n ń pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí ẹni tó joró mọ́jú lónìí lè dìde lọ́la kó máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá kú, tí àbúrò rẹ̀ tún tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ di ti àbíkú nìyẹn, wọn a sì sọ èyí tó bá tún wá ní Málọmọ́, Dúrójayé tàbí Kòsọ́kọ́. Kì í ṣe gbogbo àbíkú ló jẹ́ SS. Ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti olóde pa ọ̀pọ̀ ọmọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n SS wà lára ohun tó ń mú kí ikú ọmọdé tẹ̀lé ara wọn nínú ilé kan náà nígbà tí ilé kejì kò mọ̀ ọ́n.

Ìwòsàn ìbílẹ̀ náà ní ohun tirẹ̀. Orin àtà, tí àwọn ará ìlú ń fi gbòǹgbò rẹ̀ rin ẹnu láràárọ̀, wà lára igi tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ wò. Ní 1971, E. A. Sofowora àti W. A. Isaacs ní Yunifásítì Ifẹ̀ kọ̀wé pé omi tí wọ́n fà jáde lára gbòǹgbò náà mú kí sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ padà sí ipò rẹ̀ nínú ìgò ìdánwò.

Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Kó tó ní ilé ìwòsàn tirẹ̀, ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu, tí kò jìnnà sí Bẹẹrẹ àti Ọjẹ́, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń rí aláìsàn. Ní 1957 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ sí UCH. Ibẹ̀ ni E. J. Watson-Williams, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ mọ́ àìsàn ẹ̀jẹ̀, ti ń tọ́jú àwọn SS. Ó wà lára àwọn tó kọ̀wé nípa ipa tí fólíkì ásíìdì ń kó nínú ìtọ́jú wọn. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ tó mú orúkọ Ìbàdàn wọ inú ìwé kẹ́mísírì ti jáde wá.

Ohun tí wọ́n ti mọ̀ kí ọdún 1965 tó dé

Ní 1910, James Herrick, oníṣègùn kan ní Chicago, ròyìn ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti erékùṣù Grenada. Àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ náà tẹ̀ kọrọdọ bí dòjé. Ní 1927, Hahn àti Gillespie fi hàn pé ìgbà tí ọ́síjìn bá dínkù ni sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀, àti pé bí ọ́síjìn bá padà dé, ó lè nà. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn mẹ́ta mìíràn ní California fi iná mànàmáná ya hẹ̀mógílóbìn aláìsàn sọ́tọ̀ kúrò lára ti aláàfíà. Ó wá hàn pé inú purotéènì náà gan-an ni àrùn yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Vernon Ingram ló rí ojú ibi tí wàhálà wà. Ní 1957, ní Cambridge, ó fi hàn pé ní ipò kẹfà lórí okùn bẹ́tà, ámínò ásíìdì glutamic acid tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò sí, valine ló jókòó sí àyè rẹ̀. Glutamic acid ní agbára iná òdì lára, ó sì fẹ́ràn omi. Valine kò ní agbára iná kankan, omi kì í sì í bá a ṣe. Nígbà tí ọ́síjìn bá kúrò, hẹ̀mógílóbìn S a máa tò jọ di okùn gígùn nínú sẹ́ẹ̀lì, okùn yìí ló sì ń fa sẹ́ẹ̀lì tẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣẹ́kù. Valine kẹfà ti mólékù kan ń lẹ̀ mọ́ mólékù kejì, ṣùgbọ́n ibo lára mólékù kejì náà ni ó ń lẹ̀ mọ́?

Bí wọ́n ṣe rí D Ìbàdàn

Ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ hẹ̀mógílóbìn nígbà náà kò le púpọ̀. Wọn a fi omi oníkẹ́míkà rin bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọn a kán ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti fọ́ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sí i lórí, wọn a sì jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú bébà náà kọjá fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Hẹ̀mógílóbìn kọ̀ọ̀kan a máa rìn bí agbára iná ara rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó. A ló máa ń ṣíwájú, S a tẹ̀ lé e, C a gbẹ́yìn. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé hẹ̀mógílóbìn D a máa dúró sójú kan náà pẹ̀lú S, ẹni tó ń wo bébà kò sì lè yà wọ́n.

Ìdánwò kejì ló ń ya wọ́n. Wọn a po ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan mọ́ sodium metabisulphite, èyí tó ń lé ọ́síjìn lọ, lórí gíláàsì pẹlẹbẹ. Wọn a fi gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mìíràn bò ó, wọn a fi fasilíìnì dí etí rẹ̀ yíká kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé, wọn a sì dúró díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi. Bí S bá wà níbẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì a tẹ̀. Bí ó bá jẹ́ D nìkan, wọn a wà roboto bí wọ́n ṣe wà.

D tí wọ́n mọ̀ jù nígbà náà ni D Punjab, tí ìyàtọ̀ rẹ̀ wà ní ipò 121. Ẹni tó bá gba S lọ́wọ́ òbí kan, tó gba D Punjab lọ́wọ́ òbí kejì, àìsàn tó ń ṣe SS ló máa ń ṣe òun náà. Nítorí náà, bí wọ́n bá rí ẹni tó ní S àti D ní Ìbàdàn, ohun tí wọ́n ń retí ni àìsàn. Àmọ́ D tí wọ́n rí ní Ìbàdàn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní i pẹ̀lú S kò ní àìsàn náà rárá.

Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí Cambridge, sọ́dọ̀ Hermann Lehmann, ọmọ Jámánì tó ti ṣiṣẹ́ ní Uganda rí, tó sì ń kó oríṣiríṣi hẹ̀mógílóbìn jọ láti gbogbo ayé. Òun pẹ̀lú D. Beale àti D. Irvine fi èròjà tó ń gé purotéènì gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n tẹ́ àwọn ègé náà sórí bébà, wọ́n sì wá èyí tó yàtọ̀ nínú wọn. Ìyàtọ̀ náà wà ní ipò 87 lórí okùn bẹ́tà, níbi tí lysine ti gba àyè threonine. Èyí náà ló ṣàlàyé bí D Ìbàdàn ṣe dúró sójú kan pẹ̀lú S lórí bébà. S pàdánù agbára iná òdì kan, D Ìbàdàn jèrè agbára iná ire kan, àbájáde méjèèjì kò sì yàtọ̀ lójú iná mànàmáná. Orúkọ àwọn mẹ́rin, Watson-Williams, Beale, Irvine àti Lehmann, ló wà lórí ìròyìn náà. Lọ́dún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ Lehmann tún kéde K Ìbàdàn, tí glutamic acid ti gba àyè glycine ní ipò 46.

Láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn, ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Bí wọ́n bá yí ipò 87 padà, S kì í lè kó ara rẹ̀ jọ dáadáa mọ́. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni kò tíì sí ẹni tó mọ̀.

Láti kírísítálì dé máàpù

Max Perutz bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí kírísítálì hẹ̀mógílóbìn ní Cambridge ní 1937. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Wọn a fọ purotéènì mọ́ títí kò fi ní sí ohun mìíràn nínú rẹ̀, wọn a sì jẹ́ kó dì díẹ̀díẹ̀ di kírísítálì, níbi tí mólékù àìmọye ti tò létòlétò. Wọn a wá tan X-ray sí i. Ìmọ́lẹ̀ náà a fọ́n káàkiri, a sì fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì sílẹ̀. Bí àmì kọ̀ọ̀kan ṣe lágbára tó ṣeé wọ̀n, ṣùgbọ́n àkókò tí ìgbì kọ̀ọ̀kan dé ti sọnù, láìsí i kò sì sí àwòrán. Ní 1953 ni Perutz rí ojútùú rẹ̀: ó so átọ́ọ̀mù mákúrì mọ́ hẹ̀mógílóbìn, ó sì fi ìyàtọ̀ tó dé bá àwọn àmì náà ṣírò ohun tó sọnù.

John Kendrew, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló kọ́kọ́ rí àwòrán myoglobin, purotéènì tó jọ hẹ̀mógílóbìn, ní 1958. Hẹ̀mógílóbìn ẹṣin tẹ̀ lé e ní 1960, ní ìríran 5.5 ángísírọ́ọ̀mù. Ángísírọ́ọ̀mù kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mẹ́wàá mítà kan, bí iye rẹ̀ bá sì ṣe kéré tó ni àwòrán ṣe mọ́lẹ̀ tó. Perutz àti Kendrew jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ní 1962. Nígbà tó di 1968, ìríran hẹ̀mógílóbìn ẹṣin ti dé 2.8. Lọ́dún náà ni Perutz àti Lehmann jókòó pọ̀, wọ́n mú àwọn ẹ̀yà hẹ̀mógílóbìn tí wọ́n ti mọ̀, wọ́n tò wọ́n sórí àwòṣe náà, wọ́n sì ṣàlàyé ìdí tí àwọn kan fi ń mú àìsàn wá tí àwọn kan kò sì mú nǹkan kan wá.

Ṣùgbọ́n mólékù kan ṣoṣo kò lè sọ bí méjì ṣe ń lẹ̀ mọ́ ara wọn. Kírísítálì S fúnra rẹ̀, tí ọ́síjìn ti kúrò lára rẹ̀, ni wọ́n nílò. Yàrá ìwádìí Warner Love ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Baltimore ló rí i. Ní 1975, Wishner, Ward, Lattman àti Love gbé àwòrán rẹ̀ jáde ní ìríran 5 ángísírọ́ọ̀mù. Àwọn mólékù tò ní ìlà méjì-méjì, ìlà kan dúró ti ìkejì. Valine kẹfà láti ara mólékù kan wọ inú kòtò kékeré kan lára mólékù kejì, láàrin phenylalanine 85 àti leucine 88.

Ipò 87 wà lẹ́nu kòtò náà gan-an. Lysine gùn, ó sì ní agbára iná lára, valine kò sì ní ráyè wọlé nígbà tí irú rẹ̀ bá dúró síbẹ̀. Ohun tí wọ́n rí lára aláìsàn ní Ìbàdàn bá ohun tí kírísítálì sọ ní Baltimore mu. Ní 5 ángísírọ́ọ̀mù, kò sí ẹni tó lè fojú rí ámínò ásíìdì kọ̀ọ̀kan. Àwòṣe hẹ̀mógílóbìn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbé sínú máàpù tí wọ́n ṣírò láti inú àwọn àmì X-ray, èyí sì ni kò jẹ́ kí wọ́n lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀rí tó wá láti ìta. Ẹ̀rí mìíràn tún wá láti Accra. Hẹ̀mógílóbìn Korle-Bu, tí Konotey-Ahulu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1968, ní ìyàtọ̀ ní ipò 73. Òun náà ń dí S lọ́wọ́, ipò 73 náà sì wà ní ibi ìlẹ̀mọ́ kan náà. Ipò 121 ti D Punjab, tó ń ran S lọ́wọ́, wà níbi tí mólékù ti ń fara kan èyí tó wà lórí rẹ̀ tàbí ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ nínú ìlà.

Ìtúnṣe àwòṣe

Àwòṣe àkọ́kọ́ tí wọ́n bá kọ́ sínú máàpù kì í péye. Wọ́n ní láti tún un ṣe. Kọ̀ǹpútà a ṣírò àmì tó yẹ kí àwòṣe náà mú wá, a fi wé èyí tí kírísítálì mú wá ní tòótọ́, a ṣún àwọn átọ́ọ̀mù díẹ̀, a sì tún ṣírò, títí ìyàtọ̀ yóò fi dínkù dé ibi tó lè dé. Iye ìyàtọ̀ náà ni wọ́n ń pè ní R. Àwòṣe tí wọ́n kàn fọ́n átọ́ọ̀mù rẹ̀ káàkiri lásán máa ń ní R tó tó ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó dára kì í sábà ju nǹkan bí 20 lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ àti ojú ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú ọ̀pá idẹ tí wọ́n ń so pọ̀. Robert Diamond kọ ètò kọ̀ǹpútà kan fún un ní 1971. Alwyn Jones gbé FRODO jáde ní 1978, èyí tó jẹ́ kí ènìyàn lè kọ́ àwòṣe lójú kọ̀ǹpútà. Ní 1980, John Konnert àti Wayne Hendrickson, ẹni tó ti ṣe akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Love rí, ṣàlàyé ọ̀nà tó fi òfin kẹ́mísírì há átọ́ọ̀mù mọ́: bí átọ́ọ̀mù méjì tó so pọ̀ ṣe yẹ kó jìnnà sí ara wọn, bí igun ṣe yẹ kó rí. Ìdí tí òfin yìí fi ṣe pàtàkì ni pé àmì kì í tó. Átọ́ọ̀mù tó wà nínú mólékù S méjì tó dúró ti ara wọn lé ní 9,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n ní láti wá: mẹ́ta fún ibi tó wà, ọ̀kan fún bó ṣe ń mì tó. Padlan àti Love lo irú ọ̀nà ìtúnṣe yìí fún S ní ìríran 3.0, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1985.

Kò pẹ́ tí ewu kan fi hàn. Bí wọ́n bá fún kọ̀ǹpútà ní òmìnira tó pọ̀, ó lè mú R wálẹ̀ láìjẹ́ pé àwòṣe náà tọ̀nà. Carl Brändén àti Alwyn Jones kìlọ̀ nípa èyí ní 1990. Axel Brünger, tó kọ ètò X-PLOR, dábàá àtúnṣe kan ní 1992. Ó ní kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú àwọn àmì sápá kan, bí ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún, kí kọ̀ǹpútà má sì fojú kàn wọ́n nígbà ìtúnṣe. Tí iṣẹ́ bá parí, kí wọ́n fi àwọn àmì tí wọ́n pa mọ́ náà dán àwòṣe wò, bí olùkọ́ ṣe ń fi ìbéèrè tí kò sí nínú ìwé mọ ọmọ tó há sórí yàtọ̀ sí ọmọ tó lóye. Iye tí wọ́n bá rí ni R-free. Bí R bá lọ sílẹ̀ tí R-free kò sì lọ sílẹ̀, àsọdùn ti wọ inú àwòṣe náà.

Lẹ́yìn èyí ni ètò ìtúnṣe pọ̀ sí i. George Sheldrick ní Göttingen kọ SHELXL. Garib Murshudov, Alexei Vagin àti Eleanor Dodson ní York gbé REFMAC jáde ní 1997. Gérard Bricogne àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe BUSTER, ẹgbẹ́ Paul Adams ní California sì bẹ̀rẹ̀ Phenix. Ibi ìpamọ́ tí wọ́n ń kó àwọn àwòṣe purotéènì sí, Protein Data Bank, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971 pẹ̀lú àwòṣe méje péré, ti di ilé ìkàwé tí gbogbo ayé ń lò.

Àfiwé àbájáde

Ní 1997, Daniel Harrington, Kazuhiko Adachi àti William Royer tún hẹ̀mógílóbìn S ṣe ní ìríran 2.05. Irú kírísítálì tí ẹgbẹ́ Love lò ni wọ́n lò, ṣùgbọ́n ní ìríran yìí, iye àmì tí kírísítálì lè mú wá lé ní ìlọ́po mẹ́ta ti 3.0. R wọn jẹ́ 16.5, R-free wọn sì jẹ́ 21.5 nínú ọgọ́rùn-ún.

Wọ́n gbé àwòṣe tuntun náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 1985. Ìtò àwọn mólékù kò yí padà: ìlà méjì náà ṣì wà, valine kẹfà ṣì wọ inú kòtò láàrin 85 àti 88. Ṣùgbọ́n àwọn ámínò ásíìdì kan ní ibi ìlẹ̀mọ́ gan-an ti kúrò ní ibi tí wọ́n wà nínú àwòṣe àtijọ́, àwọn kan tó 3.5 ángísírọ́ọ̀mù. Ìdè láàrin átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù méjì kò ju nǹkan bí 1.5 lọ, nítorí náà ìṣípòpadà yìí kì í ṣe kékeré. Wọ́n tún rí omi tó so mólékù méjì pọ̀ ní etí ibi ìlẹ̀mọ́ náà, ohun tí ìríran 3.0 kò lè fi hàn. Oníwádìí tó bá fẹ́ ṣe egbòogi tí yóò dí kòtò yẹn kò lè fi àwòṣe 1985 ṣe é kó sì rò pé ó ti tán.

Irú àfiwé bẹ́ẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Ìyàtọ̀ R láàrin ètò méjì kò ní ìtumọ̀ bí kì í bá ṣe àmì kan náà, ní ìríran kan náà, ni wọ́n fún àwọn méjèèjì. Àmì tí wọ́n pa mọ́ fún R-free gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ètò kan bá ti fojú kàn wọ́n rí, R-free rẹ̀ kò ní wúlò mọ́. Ètò kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀ láti ṣírò omi tó kún àárín àwọn mólékù, èyí nìkan sì lè mú R yí padà díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbé àwọn àwòṣe méjèèjì sínú ètò kan ṣoṣo kí wọ́n tó ṣèdájọ́. Lẹ́yìn R, wọ́n ní láti wo ìgùn ìdè, tí Engh àti Huber to òṣùwọ̀n rẹ̀ ní 1991, àti bí okùn purotéènì ṣe tẹ̀, tí G. N. Ramachandran àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Madras ti ya àwòrán ààlà rẹ̀ láti 1963. Ní ìparí, wọ́n ní láti wo máàpù fúnra rẹ̀ ní ojú ibi tí ọ̀rọ̀ wà, nítorí R jẹ́ àpapọ̀ gbogbo mólékù, ó sì lè dára nígbà tí igun tó ṣe pàtàkì jù kò tọ̀nà.

Ẹni tó gbójú fo ẹ̀rí ìta máa ń jìyà rẹ̀. Láti December 2006, ẹgbẹ́ ìwádìí kan ní California bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìròyìn márùn-ún sẹ́yìn lórí àwọn purotéènì tó ń gbé nǹkan gba inú awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò nínú yàrá ìwádìí wọn ti pààrọ̀ ìlà nọ́ńbà méjì. Ẹlòmíràn tó yanjú purotéènì tó jọ ọ́ ni àwòṣe rẹ̀ tú àṣírí náà. Láàrin ìgbà tí àṣìṣe bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó hàn, àwọn ìdánwò inú yàrá kẹ́mísírì kan ti ń tako àwòṣe náà.

Ibi tí hẹ̀mógílóbìn S ti sàn ju tiwọn lọ nìyí. Àwòṣe 1975, ti 1985 àti ti 1997 yàtọ̀ ní ìríran, ní ètò ìtúnṣe àti ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ní láti dáhùn ìbéèrè kan náà: kí ló dé tí lysine ní ipò 87 fi ń gba aláìsàn sílẹ̀, tí ìyàtọ̀ ní 121 sì ń dá a lóró? Kò sí ètò kọ̀ǹpútà kankan tó lo ẹ̀rí yẹn nínú ìṣirò rẹ̀, nítorí náà kò sí èyí tó lè ṣe àsọdùn lórí rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ìdánwò náà kọjá.

Ipò 87 lẹ́yìn náà

Hẹ̀mógílóbìn ọmọ inú oyún kì í jẹ́ kí S tò jọ. Nínú okùn gamma tirẹ̀, glutamine ló wà ní ipò 87. Ní 2001, Robert Pawliuk, Philippe Leboulch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe jíìnì bẹ́tà tí wọ́n ti fi glutamine sí ipò 87, wọ́n sì fi wo àìsàn náà sàn lára eku. Wọ́n fi irú jíìnì náà tọ́jú ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Paris ní 2014. Ní ọjọ́ 8 December 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún lílò, wọ́n sì ń pè é ní Lyfgenia.

Owó ìtọ́jú náà lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là fún ẹnì kan, kò sì tíì sí lárọ̀ọ́wọ́tó àwọn ìdílé tó ní ọmọ SS ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ tàbí Bẹyẹrunka. Ohun tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó wọn ni kí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ ara wọn ṣe ìdánwò jẹ́nótáìpù kí wọ́n tó mú ọjọ́ ìgbéyàwó.